Ihò Tí Olúgbémi Fẹnu Ara Rẹ̀ Yàn

Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Èmi Àṣíáwù, ọmọ Làtífù alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Apòmù, èmi ni mo kó o. Láti ọdún 1984 ni mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀, títí di ọdún 1993 tí Olúgbémi tó ṣu ú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó ní kí n bá òun lu ihò sójú ìbọn òun.

Ẹ ó rí i pé mi ò ní pè é ní "wọn" nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju bàbá mi lọ. Lójú rẹ̀, mo ń kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ la wà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ojú ìbọn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ìbọn ráífù kì í ṣe ṣakabùlà. Ọta ṣakabùlà máa ń fọ́n ká, bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ẹran ṣì lè kú. Ọta kan ṣoṣo ni ti ráífù, ibi tí ojú bá darí rẹ̀ sí náà ló ń lọ. Nítorí èyí ni bàbá mi fi máa ń rọ irin pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju èékánná lọ, tí wọ́n á fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ẹ̀yìn ìbọn, níbi tí ojú ọdẹ ń sún mọ́. Àárín irin yẹn ni wọ́n ń lu ihò sí. Ọdẹ á gba inú ihò wo góńgó kékeré tó wà lórí ẹnu ìbọn, á gbé góńgó náà lé ohun tó fẹ́ pa, á sì yìn ín.

Abẹ́rẹ́ ni bàbá mi fi ń mọ bí ihò ṣe tó. Ihò tí abẹ́rẹ́ aṣọ gbà kọjá, tóóró ni. Ó ń jẹ́ kí nǹkan mọ́ kedere, àní fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń gbabẹ̀ kò pọ̀, torí náà ojúmọmọ nìkan ló wà fún. Ihò abẹ́rẹ́ àpò, ìyẹn abẹ́rẹ́ gbọọrọ tí wọ́n fi ń rán àpò kòkó, ìmọ́lẹ̀ ń rọ́ wọ inú rẹ̀, ó sì dára lábẹ́ igi tó ṣú. Ṣùgbọ́n ojú tó dá ṣáká ló lè lò ó. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá dá, ṣe ni yóò máa rí góńgó bí òwú tí wọ́n gbọ̀n.

Lọ́dún 1984 yẹn, Olúgbémi gbé ráífù tuntun wá láti Ìkirè. Òun ló ń ra kòkó káàkiri títí dé Orílẹ̀-Òwu, àgbà ìjọ sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà. Èmi ni mo ń fin ẹwìrì lọ́jọ́ náà. Bàbá mi kò bèèrè irú ihò tó fẹ́. Wọ́n nawọ́ sí òrùlé mọ́sáláṣí tó wà lódìkejì títì, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹlé mélòó lẹ rí lókè yẹn?"

Olúgbémi wò, ó tún wò. "Ẹyẹlé wo?" ló ní.

Ẹyẹlé tò síbẹ̀ bí ẹni wá kírun. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lu ihò abẹ́rẹ́ aṣọ fún un, wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Ojú yín ń fẹ́ ìrànwọ́ díẹ̀, ihò yìí ló máa ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ti ojúmọmọ ni o. Bí ẹ bá ti wọ abẹ́ kòkó tó ṣú, ẹ gbé ìbọn kọ́ èjìká." Ojú Olúgbémi le koko. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un pé nǹkan kan ń ṣe ojú rẹ̀, àní ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò jẹ́ sọ ọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wọ oko kòkó kan lọ́nà Ararọ̀mí-Òwu pẹ̀lú Àlàbá, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan ní Apòmù níbí. Abẹ́ kòkó ṣú. Ohun pupa rúsúrúsú kan mira níwájú, ó pè é ní ẹtu, ó yìnbọn. Ṣòkòtò Àlàbá ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

"Ojú ìbọn ló wọ́," ni Olúgbémi wí fún gbogbo ayé. "Làtífù ló lu ihò ẹ̀ wọ́."

Àwọn ọdẹ pè wá sí Ìkirè. Wọ́n ti tú irin náà kúrò lára ìbọn, wọ́n sì ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó kan bàbá mi, mo nọrùn wò ó. Ihò náà ti fẹ̀ ju ti abẹ́rẹ́ àpò lọ, ó ya sápá kan, etí rẹ̀ sì rí págunpàgun bí ibi tí eku jẹ. Mo pariwo, "Ihò wa kọ́ nìyí! Ẹnì kan ti fẹ̀ ẹ́! Ẹ mú abẹ́rẹ́ aṣọ wá kí ẹ wọ̀n ọ́n!"

"Abẹ́rẹ́ kẹ̀!" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ta ló mú obìnrin wá síbi ọ̀rọ̀ ìbọn? Ṣé aṣọ la wá rán ni?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì búra. Irin ni ọdẹ fi ń búra, ṣùgbọ́n Olúgbémi ní onígbàgbọ́ ni òun, òun kò lè fẹnu kan irin, kí wọ́n gbé Bíbélì wá. Bàbá mi náà ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, Kùránì ni tàwọn. Bí irin ṣe sinmi nìyẹn, tí Ògún kò rí ẹni mú. Ìbúra Bíbélì dúró, ti Kùránì náà dúró, àwọn ọdẹ sì gba ti ẹni tó ń ra kòkó wọn gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbé ìbọn wá fún bàbá mi mọ́. Wọ́n kó irinṣẹ́ sínú àpótí, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ kó, kó, kó ọ̀pá Àlàbá lójú títì, wọ́n á dìde, wọ́n á wọlé, torí wọn ò lè wo ojú rẹ̀. Àlàbá náà kì í kí wa. Gbogbo èyí ni mo lè fara dà. Èyí tí mi ò lè fara dà ni pé, nígbà tó yá, bàbá mi fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè: "Àṣíáwù, ṣé ó dá ọ lójú pé ọwọ́ mi ò yẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Màá ní ó dá mi lójú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tún bi mí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi mí ni mò ń fi Olúgbémi bú.

Èmi mú iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Abẹ́rẹ́ náà ni, ọwọ́ mi ò sì gbàgbé irin. Ibi tí mo ti ń tú ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ ni Olúgbémi ti bá mi lọ́dún 1993.

"Ọmọ Làtífù," ó ní, "o mà ti di ìyá ńlá."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ó ní Olúọdẹ ti papò dà, òun ni oyè náà sì tọ́ sí. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ Olúọdẹ gbọ́dọ̀ yìnbọn já àgbọn lókè lójú gbogbo ọdẹ. Ojú ẹ̀yìn ráífù rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì ti kán. "Wọ́n ní ìwọ nìkan lo mọ iṣẹ́ náà mọ́ ní gbogbo àgbègbè yìí."

"Ṣebí wọ́n ní ojú ìbọn tiwa máa ń wọ́, sà?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, Àṣíáwù. Ó ti kọjá. Ọlọ́run ti dárí ji gbogbo wa."

Gbogbo wa! Ó kó bàbá mi mọ́ àwọn tí wọ́n dárí jì. Mo fi eyín gé ètè mi, mo ní, "Irú ihò wo lẹ fẹ́?"

"Kó fẹ̀ dáadáa! Èèyàn bíi tèmi ò lè máa gba ojú abẹ́rẹ́ yọjú bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé onílé."

Nígbà tó lọ, mo jókòó ti ìbọn náà, mo ń rò ó. Bí mo bá lu ihò ńlá fún un bó ṣe wí, kò ní rí nǹkan kan, yóò tàsé, yóò sì pariwo pé ìdílé Làtífù tún ti ṣe é. Bí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ lù ú wọ́, mo ti sọ irọ́ tó pa mọ́ bàbá mi di òtítọ́. Bí mo bá sì lu èyí tó yẹ ojú rẹ̀, yóò rí àgbọn, yóò já a, a ó sì máa kí i ní Olúọdẹ. Nínú gbogbo ihò wọ̀nyí, kò sí èyí tí ẹ̀san lè gbà kọjá.

Mo wá lu méjì. Irin méjì tó jọra bí ìbejì, ọ̀kan abẹ́rẹ́ aṣọ, ọ̀kan abẹ́rẹ́ àpò. Mo fi fáìlì alágbẹ̀dẹ ra etí wọn títí ó fi dán. Lẹ́yìn náà, mo lọ sí Ìkirè lọ bá Afọláyan, Aṣípa ọdẹ, tí ètò náà wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí.

"Bàbá," mo ní, "ìbọn yìí ti fìyà jẹ ilé wa rí. Mi ò ní de nǹkan kan mọ́ ọn níkọ̀kọ̀. Pápá ni mo máa gbé ihò méjì wá. Kí Bàbá Olúgbémi fẹnu ara wọn yan èyí tí wọ́n fẹ́ lójú gbogbo yín. Kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ fi yìn, kí wọ́n tó wá yìn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Afọláyan wí. "Wá ẹni tó máa kọ́kọ́ yìn."

Ẹni náà kò jìnnà. Àlàbá ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá gáréèjì Apòmù. Mo dúró níwájú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Àlàbá, ṣé ẹ fẹ́ mọ ẹni tó gé ẹsẹ̀ yín?"

Ó ju òòlù sílẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Olúgbémi ló yìnbọn, bàbá ẹ ló lu ihò wọ́. Kúrò níwájú mi."

"Ẹ mọ ẹni tó yìnbọn. Ẹni tó ba ihò jẹ́ lẹ ò mọ̀." Mo gbé irin méjèèjì lé e lọ́wọ́. Ó wo ihò kan, ó wo èkejì, ó fi ìka ra etí wọn. Òun náà ti rí èyí tó rí págunpàgun lọ́jọ́sí, nígbà tí wọ́n gbé e lọ hàn án.

"Ta ló lu èyí?"

"Èmi ni. Bàbá mi ló kọ́ mi."

Ó dá irin méjèèjì padà fún mi. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí ẹ yìnbọn lẹ́ẹ̀kan péré."

"Sí Olúgbémi lára?" Ojú rẹ̀ ò ṣẹ́.

"Sí àgbọn, níbi tí wọ́n ti fẹ́ dán an wò fún oyè Olúọdẹ," mo ní. Ó hàn lójú rẹ̀ pé mo já a kulẹ̀.

Pápá ilé ìwé kan lọ́nà Orílẹ̀-Òwu ni wọ́n ti ṣe é, lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn tó mú. Wọ́n fi okùn so àgbọn mọ́ igi góòlù kan, àwọn tó fẹ́ yìnbọn sì dúró síbi góòlù kejì. Olúgbémi wọ aṣọ ọdẹ tuntun, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo na irin méjèèjì sí i.

"Ẹ yan èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́, sà."

"Èyí tó fẹ̀!" Kò tilẹ̀ gbé e sójú. "Ìkejì yẹn, ẹ gbé e fún àwọn táílọ̀."

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́sí náà ni. Mo de irin náà mọ́ ìbọn, mo sì béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn bóyá ẹnì kan rí i pé mo dè é wọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó tọ́.

"Ta ló máa kọ́kọ́ yìn?" ni Afọláyan béèrè.

Kó, kó, kó. Ẹ̀rín dá. Àwọn èèyàn yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, Àlàbá sì rìn la àárín wọn kọjá.

Olúgbémi ní, "Kí ni ẹlẹ́sẹ̀ kan ń wá níbí?"

"Ẹsẹ̀ kejì ló rán mi wá, sà," ni Àlàbá dá a lóhùn.

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ìbọn sí èjìká, kò sì pẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Àgbọn fọ́, omi rẹ̀ dà sílẹ̀. Wọ́n so òmíràn rọ̀. Olúgbémi gba ìbọn, ó nà án, ó nu ojú, ó tún nà án, ó tún nu ojú. Nígbà tó yìn ín, eruku ló sọ lẹ́yìn góòlù. Àgbọn kò tilẹ̀ mì.

"Ẹ rí i?" ló pariwo. "Ojú ẹ̀ wọ́! Ìdílé yìí náà ni!"

Kò sí ẹni tó gbè é. Àfọ́kù àgbọn tí Àlàbá fọ́ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo èèyàn ń wò ó. Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ó dùn mọ́ mi dé egungun, mo sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀.

Àmọ́ Afọláyan na ọ̀pá wọn sókè. "Àṣà wa ni pé ẹni tó bá tàsé lẹ́ẹ̀kan ní ìkejì. Àṣíáwù, de ihò kejì mọ́ ọn."

Mo mọ ohun tí ihò yẹn máa ṣe fún un. Bí mo ṣe ń yí nọ́ọ̀tì, ìka mi mọ bí mo ṣe lè yí i kí irin náà tẹ̀ díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní fura. Inú mi ń sọ pé kí n ṣe é. Inú mi ń bẹ̀ mí. Ìbéèrè bàbá mi ni mo rántí, pé ṣé ọwọ́ àwọn ò yẹ̀. Mo dè é kó tọ́, mo sì gbé ìbọn fún ọ̀tá mi.

Ó gbé e sójú tìkọ̀tìkọ̀, bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Ló bá dúró gbagidi. Ẹnu rẹ̀ là. Ìbọn dún, àgbọn sì là sí méjì.

Olúgbémi ju fìlà sókè. "Mo rí i! Mo rí i kedere! Bó ṣe máa ń mọ́ lọ́jọ́sí nìyí, kí n tó fi ìṣó fẹ̀ ẹ́!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín ṣì wà lójú Olúgbémi, kò tíì mọ ohun tó sọ.

Àlàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọ̀pá gbé ara dúró. "Kí lẹ fi ìṣó fẹ̀, sà?"

"Rárá o... ohun tí mò ń sọ ni pé... ibẹ̀ ṣú lábẹ́ kòkó, mi ò rí nǹkan, mo kàn..." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi ń wá ọ̀nà jáde ló tún ń rì í sí i.

Afọláyan dìde. "Ẹ fi ọmọ yìí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí," ni wọ́n wí fún àwọn ọdẹ. "Ẹni tí ẹ̀rín bá ń pa, kó rín in báyìí." Wọ́n kọjú sí Olúgbémi. "O já àgbọn. Ṣùgbọ́n oyè yìí ò ní dé orí rẹ."

Mo lọ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú irin abẹ́rẹ́ aṣọ kúrò, mo so ó mọ́ etí ìró mi. Mo de èyí tó fẹ̀ padà, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìbọn náà fún un. "Èyí tẹ́ ẹ fẹnu ara yín yàn nìyí."

Ó tẹ̀ sórí mi, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Dákun, Àṣíáwù. Bá mi fi ìkejì sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan báyẹn."

"Ẹ ní ti àwọn táílọ̀ ni, sà."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá bàbá mi. Mo rò ó fún wọn, láti orí dé ìdí. Wọn ò béèrè bí ojú Olúgbémi ṣe rí, èmi sì ti ṣètò bí màá ṣe sọ ọ́. Ohun kan ni wọ́n béèrè: "Abẹ́rẹ́ wo lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Abẹ́rẹ́ aṣọ."

Wọ́n gba irin náà. "Ọwọ́ mi ò yẹ̀," ni wọ́n wí, lọ́tẹ̀ yìí wọn ò bi mí ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mo ti dárí jì í."

"Èmi ò dárí jì í," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n máa mú tèmi dání."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bọ́sẹ̀, ọmọ Olúgbémi obìnrin, wá láti Ìkirè bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ní kí ẹ ṣàánú àwọn, kí ẹ fún àwọn ní irin kékeré yẹn. Wọn ò ṣọdẹ mọ́. Wọ́n ní àwọn rí i pé, bí àwọn bá gba inú ihò tóóró wò, àwọn á lè ka Bíbélì."

Bíbélì! Èyí tó fi búra. Mo ti la ẹnu kí n rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, nígbà tí mo gbọ́ kó, kó, kó lójú títì. Mo wẹ̀yìn, mo ń retí kí bàbá mi dìde, kí wọ́n wọlé bí ìṣe wọn. Wọn ò dìde. Wọ́n gbé irin náà sójú, ojú tó ti ń ṣe bàìbàì tipẹ́, wọ́n ń gba inú ihò abẹ́rẹ́ aṣọ wo títì.

"Àṣíáwù, ṣé Àlàbá kọ́ ló ń bọ̀ yẹn?"

"Àwọn ni, Bàbá."

"Ó ti hewú," ni bàbá mi wí. Wọn ò gbé irin náà kúrò lójú. Àlàbá sì yà wọlé, ó ń kí wọn láti ẹnu ọ̀nà.

Mo kọjú sí Bọ́sẹ̀. "Lọ sọ fún bàbá ẹ," mo ní, "pé ẹni tó ni ín ti ń lò ó."